Káàdì Inú Gèlè

Ìlàrè, Ilé-Ifẹ̀
Oṣù Kẹta, 1994

Bọ́látitó ọmọ mi,

Ara mi le. Fúnlọ́lá ayálégbé wa ló ń bá mi kọ ọ́.

O ní iṣẹ́ àwọn tó ń fi ohùn darí bàálù láti ilẹ̀ lo fẹ́ kọ́, ṣùgbọ́n ìwé ilé ìwé rẹ sọ pé o ti dàgbà jù. Ẹ̀bi mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́ nígbà tí mo mú ọ lọ sí ilé ìwé. Tíṣà ní kí o gbé apá ré orí kọjá, kí o fọwọ́ kan etí kejì. Apá rẹ gùn bíi ti ìyá rẹ, ó kàn án, wọ́n bá kọ ọdún mẹ́fà.

Mo lọ búra ọjọ́ orí rẹ ní kọ́ọ̀tù. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín: "Baba, gbogbo yín lẹ ń gé ọjọ́ orí. Ẹ ní kí ìyá rẹ̀ wá jẹ́rìí."

Mo ní, "Ẹ̀yìnkùlé wa ló sùn sí. Lọ jí i."

Mo padà sílé, mo ṣí àpótí ìyá rẹ, tí n kò fọwọ́ kàn láti ọdún tó ti kú. Káàdì ìgbẹ̀bí rẹ wà nínú gèlè. Mo pẹ́ níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó dípẹtà ló fà á. Akọ̀wé wo káàdì, ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìbúra mi. Ìwé náà nìyí.

Wọn á mú ọ. Ohùn lásán lo fi ń da àgbò ní Sábó. Bàálù ò lágídí tó àgbò.

Bí o bá dé, wá mú gèlè náà. N kò tíì ti àpótí pa. Ràbíátù àbúrò mi ń kí ọ.

Bàbá rẹ, Oyèkúnlé. Àtàǹpàkò mi nìyí.