Búrẹ́dì Kérésì Tí Mi Ò Bá Alága Bù

Màmá mi,

Ara mi le bí òkúta. Ẹ sọ fún Bàbá pé orúnkún mi tó wú ti ń fà, kó má dààmú. Búrẹ́dì Kérésì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tí a máa ń bá ara wa bù, tí ẹ fi sínú lẹ́tà fọ́ díẹ̀ lọ́nà, àmọ́ ó dé.

Inú ń bí mi, Màmá. Láti ìgbà tí kíláàbù bọ́ọ̀lù wa ti ní kí n máa lọ, tí mo sì kọ̀, èmi nìkan ni wọ́n ń lé sínú igbó pé kí n máa sáré nínú yìnyín. Bọ́ọ̀lù ò kan ẹsẹ̀ mi mọ́. Lánàá, wọ́n pe gbogbo wa síbi àjọyọ̀ Kérésì. Alága kíláàbù, Wrzosek, gbé búrẹ́dì Kérésì tiẹ̀ wá, ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bù ú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń súre fún wọn. Ojú ò tì í, ó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ziemek, ọmọ mi, bù níbẹ̀. Ìlera ni mo tọrọ fún ẹ."

"Ìlera kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa sáré tòun ti orúnkún tó wú!"

"Ó tó! Ta ló ń bínú nígbà Kérésì?"

"Èmi ni!"

Mi ò bù ú. Ẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá bá èèyàn bù ú, ó ti dárí jì í nìyẹn. Èmi ò tíì dárí jì í.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti Àǹtí Jagna. Àwo tí ẹ máa ń gbé kalẹ̀ lórí tábìlì lálẹ́ Kérésì fún àlejò tí a ò retí, èmi ni mò ń bọ̀ wá jókòó tì í; ẹ gbé e sí apá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lọ́dún yìí, kí n lè ríbi gbé ọ̀pá tí mo fi ń rìn tì.

Ziemek yín