Ọkọ̀ Òfuurufú Orí Òrùlé Wa

Jagsir ọmọ mi,

Ṣé ara ẹ le? Waheguru á máa ṣọ́ ẹ ní Delhi, ẹrù àwọn èrò ò ní já lé ọ lẹ́sẹ̀. Ìyá ẹ ń kí ẹ. Ẹfọ̀n tá à ń fún wàrà lára ẹ̀ ti bímọ, abo ni.

Inú ń bí mi sí ẹ o. Mo na fóònù sí táǹkì omi tuntun tí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì mọ bí ọkọ̀ òfuurufú sórí òrùlé wa, mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ kí o lè bá wa yọ̀, èsì tí o fọ̀ ò ju ìlà kan, Gẹ̀ẹ́sì sì ni, pé kí n yéé flaunt. Ṣé fóònù Delhi ò gbọ́ Punjabi ni? Mo gbé e lọ bá Tísà Hardit. Ó ní ẹni tó bá gbé ohun tó ní síta kí ayé lè rí i, kí wọ́n sì máa jowú, ló ń flaunt. Ó ní owó, aṣọ àti ẹwà ni wọ́n sábà ń lò ó fún, àti pé wọn kì í fi yin èèyàn. Mo ní, Tísà, kí ni mo ní? Ó rẹ́rìn-ín títí láwàní ẹ̀ fi tú.

Gbogbo ilé tọ́mọ wọn wà ní Kánádà ló gbé ọkọ̀ òfuurufú sórí òrùlé. Tírélà làwọn ọmọ Darbara, aládùúgbò wa, ń wà lọ́hùn-ún. Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú gan-an ńkọ́?

Àwọn tó fẹ́ fẹ́ Sukhjit àbúrò ẹ wá, wọ́n rí ọkọ̀ orí òrùlé wa láti títì. Ìyá ọkọ bi mí pé ibo lọmọ wa wà, mo ní pápákọ̀ òfuurufú. Mi ò purọ́. Ló bá ń béèrè ìgbà tí o máa mú ọmọ tòun náà lọ sí Kánádà. Mo tẹjú mọ́ ife wàrà lassi mi. Àbúrò ẹ ló là á mọ́lẹ̀, ó ní, Màámi, ẹrù èrò ni bọ̀ọ̀dá mi ń gbé ní Delhi, omi ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Obìnrin náà ní irọ́ ti pọ̀ jù nílé yìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé a ò tiẹ̀ lọ́mọkùnrin kankan. Wọ́n ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Sunday wá fojú rí ẹ, bí wọn ò bá bá ẹ, ìgbéyàwó ti parí nìyẹn. Àbúrò ẹ ò jẹun láti àná.

Fi owó ìpápánu ládù tá a máa fi ṣe wọ́n lálejò ránṣẹ́. Rárá, má fi ránṣẹ́, fi wọ rélùwéè. Ọdún mẹ́fà rèé tá a ti rí ẹ kẹ́yìn.

Waheguru á mú ẹ délé láyọ̀. Tísà ní ohun téèyàn bá ní ló fi ń flaunt. Tètè máa bọ̀, kémi náà lè rí nǹkan fi ṣe é.

Bàbá ẹ,
Mukand Singh