Ọ̀nà Tí Àǹtí Agbọ̀n Ń Gbà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Mo kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́ lónìí ní ìlú tuntun yìí. Títì ńlá. Ó yá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi. Obìnrin kan kígbe lẹ́yìn mi — mi ò lè wẹ̀yìn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ní oríta, obìnrin kan tó wọṣọ nọ́ọ̀sì, agbọ̀n níwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, fọwọ́ hàn mí: "Ọ̀hún ni o, àbúrò!" Ọ̀nà etí odò. Ó jìn, ó sì lókè. Mo tẹ̀ lé e. A sọ̀ kalẹ̀ nídìí òkè, a jọ ń ti kẹ̀kẹ́.
Àbúrò. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń pè mí nílé nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Etí odò. Àǹtí Agbọ̀n (èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò mọ̀) ní mò ń gun kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó jí i gbé. Ó bi mí bóyá ara mi ti ń mọlé. Orí lásán ni mo mì. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi — lẹ́yìn tó lọ tán.

Ọjọ́ Ajé, 10
Olùkọ́ bi wá pé kí ló ń mú oníkẹ̀kẹ́ yan ọ̀nà. Àwọn ọmọ kíláàsì ní òkè ni, wọ́n ní ọkọ̀, wọ́n ní ọ̀nà tó kúrú. Mi ò nawọ́. Ta ni màá sọ fún pé torí "àbúrò" ni?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Kò wá.

Ọjọ́rú, 12
Kò wá. Èmi nìkan ló ti kẹ̀kẹ́ gun òkè. Òkè yẹn ga o.

Ọjọ́bọ̀, 13
Bíréèkì mi ò mú mọ́. Bọ̀ọ̀dá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ ni àbúrò nọ́ọ̀sì tí kì í sọ̀rọ̀!" Ó ní títì ńlá ni ọsibítù nọ́ọ̀sì náà wà. Etí odò kì í ṣe ọ̀nà rẹ̀ rárá! Ó rí mi lọ́jọ́ tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi, ló bá ní òun á sìn mí títí màá fi mọ̀nà. "Ó ní o ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ó ní bóyá ariwo òun ti sú ẹ pàápàá."
Sú mi kẹ̀!

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Títì ńlá. Iná pupa níwájú ọsibítù — agbọ̀n yẹn rèé. "Àǹtí!" Ohùn mi le débi pé èmi gan-an ta gìrì. Iná ti yí padà, àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́yìn wa, kò kúrò lójú kan. Ó ní ṣé mo ṣìnà ni.
Mo ní rárá, Àǹtí.