Orúkọ Délé Kì í Ṣe Bẹ́ǹṣì

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ìlú òtútù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún kò fẹ́ kí n dìde mọ́. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?

A ti gbọ́ o, pé ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti ṣí gbayawu fún oníṣẹ́ kékeré. Pé káfíńtà Àrẹ̀mọ àdúgbò wa àti ilé-iṣẹ́ ńlá Àbújá yóò jọ máa du iṣẹ́ lórí pápá kan náà, ìrẹ́jẹ kò sì ní sí mọ́ láéláé. Ọ̀gá kan ló kéde bẹ́ẹ̀ ní Mápó, Délé àbúrò mi, káfíńtà wa, sì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá gùn, agbádá rẹ̀ gùn jù ú lọ. Agbádá ni mo rò pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

N kò fi ètò náà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó dára kí ìjọba ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún ẹni kékeré, kí ó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń díye lé e. Irú rẹ̀ wà níhìn-ín, abẹ́ rẹ̀ ni mo sì ti ń jẹun. Èmi tí mo ti ṣe tíṣà nílé rí, ẹnu ọ̀nà ni mo ń ṣọ́ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń gbá ọ́fíìsì ìjọba. Bọ̀dá Láníyì, ọmọ Òkè Padre n'Ìbàdàn, ló ni ín. Yìnyín ń bọ́ níta, ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni, àfi èmi àti òun tí a máa ń kí ara wa tẹ́lẹ̀ bí ẹni pàdé ní Ọjà'ba.

Ilé-iṣẹ́ ńlá kan wá bá a: wọn kò lè du iṣẹ́ tí a yà sọ́tọ̀ fún kékeré, wọ́n fẹ́ fi orúkọ tirẹ̀ wọlé. Ó gbà. Kì í ṣe olè, Màmá. Ojú ló ń tì í láti kọ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn kan wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Wọn kò pariwo, wọn kò tilẹ̀ jókòó. Wọ́n kàn béèrè ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Láti ọjọ́ náà, Bọ̀dá Láníyì kì í kí mi mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọ ilé-iṣẹ́ ara rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ara mi fi bù máṣọ nígbà tí Délé pè mí lẹ́yìn ìsìn, tó ń rẹ́rìn-ín, pé Olóyè kan tẹ̀lé Mọ́gàjí, olórí ẹbí wa, wá sílé wa, ó ṣí fìlà, ó ní kí Délé yá òun ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí òun fi gba iṣẹ́ àga ilé-ìwé. Délé ní òun fẹ́ kọ̀, ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó bá tẹ̀lé àgbà wọ agbo ilé kì í padà lọ́wọ́ òfo. Pé ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yá gbogbo Àrẹ̀mọ ní bẹ́ǹṣì tí wọ́n bá ń ṣòkú, tí a kì í béèrè ẹni tó máa jókòó lé e?

Òótọ́ ni. Àmọ́ bí bẹ́ǹṣì bá dá lẹ́sẹ̀ lọ́hùn-ún, Délé á tún un ṣe. Ìṣó wo la fẹ́ fi tún orúkọ ṣe?

Mo bi í léèrè ìlú tí ilé-ìwé náà wà, kò mọ̀. Mo bi í ẹni tó máa la pákó. Ó ní Olóyè ní kí òun má yọ ara òun lẹ́nu. Ó ní òtútù ti wọ̀ mí lágbárí, pé tíṣà kò mọ̀ ju kí ó máa fi gègé pupa fàlà sábẹ́ ire ẹni. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fi àwòrán pátákó ṣọ́ọ̀bù tuntun tí àwọn ènìyàn Olóyè bá a kùn ránṣẹ́. Ó rẹwà. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè, gàdàgbà. Nọ́ńbà fóònù tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní àwọn méjì kan tún wá ya fọ́tò ṣọ́ọ̀bù láti ìta, wọn kò kí i, wọn kò sì ra àpótí kan.

Màmá, ẹ̀yin nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ránṣẹ́ pe Mọ́gàjí, kí ẹ ní ẹ ti yí ọ̀rọ̀ yín padà. Kì í ṣe àrífín. Bí Délé bá fẹ́ iṣẹ́ ìjọba, kí ó lọ síbi tí ìjọba ti ń kọ́ oníṣẹ́ kékeré, kí ó du èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká, kódà kó jẹ́ àga kíláàsì kan ṣoṣo. Bí àga kò bá dé ibi tó ń lọ, Olóyè kọ́ ni wọn ó wá mú. Mo fi lẹ́tà yìí síta kí gbogbo ayé kà á, nítorí ó ṣeé ṣe kí Olóyè ti yà sí ilé mìíràn.

Ẹ bá mi kí Mọ́gàjí, ẹ kí ìyàwó Délé àtàwọn ọmọ, ẹ kí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Olúwa á dá yín sí fún wa, ẹ kò ní sunkún ọmọ.

Láti àná ni mo ti ń pe Délé; fóònù ń dún, kò gbé e. Ṣé ó ti fọwọ́ sí ìwé Olóyè?

Ọmọ yín,
Akínwálé