Mọ́tò Òrùlé-Ṣíṣí àti Ìjókòó Tó Ń Gbóná: Ìwé Ìhágún Ìyá Oníjókòó

Èmi, tí orúkọ mi ní kíkún wà nínú ìwé ìbí tí mo so mọ́ ẹ̀yìn ìwé yìí, ṣùgbọ́n tí gbogbo òpópónà mọ̀ sí Ìyá Oníjókòó, opó Ọ̀gá Abẹ́rẹ́, ìyá ọmọ méjì tó ti dàgbà tán láìgbọ́n tán, ni mo ń sọ̀rọ̀ yìí. Orí mi pé. Ojú mi ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́ bí iná bá mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi, àfi orúnkún mi tó ń dún, tó ń rán mi létí pé kò sí awọ tí kì í gbó. Ìwé ìhágún tí mo bá ti kọ ṣáájú èyí, mo fagi lé e.

Àwọn tí mo yàn láti mú un ṣẹ ni àbúrò mi ọkùnrin, apòògùn tó ti fẹ̀yìn tì, àti lọ́yà tó jókòó níwájú mi báyìí. Lọ́yà ní kí n sọ ohun tí mo fi sílẹ̀ àti ẹni tí mo fi í sílẹ̀ fún, kí n yé pa ìtàn. Mo bi í bóyá ó ti jókòó rí lórí ìjókòó tí kò ní fóòmù nínú. Ó ń kọ ọ́ lọ.

1. Ilé. Ilé tí mò ń gbé, yàrá mẹ́rin pẹ̀lú ibi ìgbọ́kọ̀sí, jẹ́ ti àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ́gbọọgba: àkọ́bí mi obìnrin, tó ń tọ́jú nǹkan àtijọ́ ní ilé ìṣẹ̀m̀báyé, tí a ń pè ní Ẹ-Má-Fọwọ́-Kàn-Án, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń fa iná sí àwọn ilé gogoro, tí a ń pè ní Wáyà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn máa ń há. Èjìká ni kí ẹ fi tì í, ẹ má fi ẹsẹ̀ gbá a. Wáyà, ìwọ ni mò ń bá wí.

2. Irin iṣẹ́. Ẹ̀rọ ńlá tí mo fi ń rán awọ ìjókòó mọ́tò, pẹ̀lú òwú àti àlùmọ́gàjí, jẹ́ ti obìnrin tó ń rán àpò ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa, nítorí kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ mi tó lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìpe orúkọ mi. Abẹ́rẹ́ títẹ̀ tí bàbá wọn ń lò nìkan ni mo yọ sọ́tọ̀. Ti Ẹ-Má-Fọwọ́-Kàn-Án ni. Bó bá wù ú kó gbé e sínú gíláàsì, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fi rán bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tó ti já láti ọdún tó kọjá. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé sí i láyà. Mo ti sọ, mo ti sọ.

3. Àkàbà. Àkàbà onírin mi jẹ́ ti àbúrò mi. Ó wà lọ́wọ́ aládùúgbò mi apá òsì, láti ìgbà tí Wáyà ti ń ká eyín. Ẹ fi ẹ̀rín gbà á.

4. Ológbò. Ti Wáyà ni. Ó ní òun kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti bá àwọn méjèèjì lórí àga kan náà, tí wọ́n ń hanrun pọ̀. Kí ó máa bọ̀wọ̀ fún un, nítorí ohun tó ṣe nínú ẹ̀ka kẹfà.

5. Síkáàfù òwú mi mẹ́ta. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ẹni tó bá kọ́kọ́ pe èkejì lórí fóònù.

6. Mọ́tò. A dé ibi tí ẹ ti ń dúró dè mí.

Mọ́tò eré pupa ni, oníjókòó méjì, tí òrùlé aṣọ rẹ̀ ń ká sẹ́yìn. Àlòkù ni Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ rà á, ó sì fi odidi ọdún kan fọwọ́ rán awọ inú rẹ̀, láìlo ẹ̀rọ. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tó kú, Wáyà gbé aṣọ oníná pẹlẹbẹ méjì wá, irú èyí tí a ń tẹ́ sábẹ́ awọ kí ìjókòó lè máa gbóná. Ó ní mọ́tò tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí, níbi tí òtútù ti ń mú fún ìdajì ọdún, bí ìjókòó rẹ̀ kò bá gbóná, ère ni, kì í ṣe mọ́tò. Ó ní bí bàbá òun bá wà láàyè, òun gan-an ni ì bá fi í sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹni tó bá fi abẹ kan awọ tí bàbá fọwọ́ rán, bí ẹni hú òkú rẹ̀ ni. Ó ní bàbá kò lè gba irú rẹ̀ láéláé. Ó ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sínú báàgì, ó lọ.

Láti ìgbà náà wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wáyà ń wá mi wò ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wá ní Sọ́ńdè. Mò ń se ọbẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo sì ń gbọ́ ẹjọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọbẹ̀ kò tíì sú mi. Ohun tó ń já mi láyà ni pé èmi nìkan ni okùn tó kù láàrin wọn, okùn náà sì ti ń fẹ́ já.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnu bàbá yín ni ẹ̀yin méjèèjì ń yá sọ̀rọ̀. Ìdílé oníjókòó ni wá, síbẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ronú àtitú ìjókòó wò.

Ológbò ló gbọ́n jù wá lọ. Òun kò nílò kọ́kọ́rọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ó gba ẹ̀gbẹ́ òrùlé mọ́tò wọ inú rẹ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó fi èékánná ya ojú rírán ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ìjókòó tèmi. Mo ká òrùlé, mo wọlé lọ tún un ṣe. Ẹ mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá yín; mo mọ ojú rírán rẹ̀ láàrin ẹgbẹ̀rún. Mo rí i pé òun fúnra rẹ̀ ti tú ojú rírán náà rí, ó sì ti rán an padà. Òwú ibẹ̀ dúdú díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú ihò àtijọ́ ló gbà. Kò lu ihò tuntun kan ṣoṣo.

Lábẹ́ awọ náà, aṣọ oníná wà níbẹ̀. Okùn iná rẹ̀ gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ síwájú, bàbá yín wé e jọ, ó fi téèpù dì í, kò so ó mọ́ nǹkan kan. Mo tú ìjókòó awakọ̀ wò. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Kò ro ti ara rẹ̀.

Àṣà ṣọ́ọ̀bù wa ni pé ẹni tó bá rán ìjókòó yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí ẹ̀yìn awọ kó tó pa á dé. Lẹ́yìn awọ tèmi, bàbá yín kọ ọ́ pé: “Ti ìyàwó mi, bó bá gbà.”

Kí n jẹ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, a ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, òrùlé ṣí, eyín mi ń gbára wọn. Ó fi pẹ̀lẹ́ bi mí bóyá kí òun fi nǹkan amúgbóná sí ìjókòó mi. Mo ní, “Ṣé aṣọ ni mí, tí o fẹ́ máa lọ̀ mí? Pa òrùlé rẹ dé.” Ó rẹ́rìn-ín, kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Èmi náà búra pé n kò ní bá a jáde nínú mọ́tò yẹn nígbà òtútù mọ́, orí kunkun tí ẹ jogún lára mi sì mú kí n pa ìbúra náà mọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án tó fi kú. Láràárọ̀ Sátidé, yóò dé fìlà, yóò gbójú sókè wo fèrèsé mi díẹ̀, yóò wa mọ́tò lọ. Mo rò pé ojú ọjọ́ ló ń wò.

Nítorí náà, báyìí ni mo pín in. Mọ́tò jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì, a kò gbọdọ̀ là á sí méjì, a kò gbọdọ̀ tà á. Wáyà ni yóò so okùn iná ìjókòó tèmi, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró tì í, kí ó di tọ́ọ̀ṣì mú. Abẹ kò gbọdọ̀ kan awọ. Ìjókòó awakọ̀ yóò wà bí bàbá yín ti fi í sílẹ̀, láìní iná, títí láé. Ẹni tó bá ń wakọ̀ ni òtútù yóò máa mú. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ó ti yí padà, kí ẹ pààrọ̀ ìjókòó. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ nìkan wà á. Bí ẹnì kan bá dán an wò, mọ́tò di ti aládùúgbò apá òsì, ẹ sì mọ bí ó ṣe ń dá nǹkan padà.

7. Àtúnṣe. Ibí ni mo kọ dé kí n tó rí àṣìṣe mi. Lọ́yà ní ìwé ìhágún kì í ṣiṣẹ́ títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi kú. Ìyẹn ni pé mo fẹ́ kú tán kí n tó sọ̀rọ̀, bí bàbá yín ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ tirẹ̀ sí ibi tí ojú mi kò lè tó. Kò gbọdọ̀ di àṣà ìdílé wa.

Nítorí náà, kí lọ́yà fi ẹ̀dà ìwé yìí ránṣẹ́ sí wọn lónìí. Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí Ẹ-Má-Fọwọ́-Kàn-Án mú kọ́kọ́rọ́ wá, kí Wáyà mú irin iṣẹ́ rẹ̀ wá. Ẹ̀ẹ̀kan ni n ó se ọbẹ̀. Ẹni tó bá dúró di Sọ́ńdè yóò bá ìkòkò lófo. Kí ẹnì kan kọ́kọ́ fi mọ́tò gbé mi dé orí òkè tí a ti ń rí odò, kí òrùlé ṣí, kí ó sì gbé mi padà. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ. Èmi ni n ó fọ abọ́. Ẹ wé síkáàfù.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn awọ náà, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ èsì mi sábẹ́ rẹ̀ kí n tó rán an padà: Mo gbà.

Mo fọwọ́ sí i ní ọ́fíìsì lọ́yà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin.

Ìyá Oníjókòó, ìyàwó Ọ̀gá Abẹ́rẹ́

Àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n rí mi bí mo ti ń fọwọ́ sí i:
Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, aládùúgbò apá ọ̀tún
Akọ̀wé lọ́yà, tó bi mí bóyá mo lè bá òun tún ìjókòó mọ́tò òun rán. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní Sátidé.