Ariwo Tí N Kò Pa

Ilé Kẹrìnlá,
Òpópónà Hemlock,
Bangor, Maine.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2019.

Wade, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ pé Màmá yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń san? Ìwọ náà ńkọ́, ṣé ẹja tí ò ń pa lábẹ́ yìnyín kò tíì sọ ikùn yẹn di àgbá? Má bínú, yẹ̀yẹ́ ni mo fi ń sún ọ̀rọ̀ síwájú. Ẹ̀rù ń bà mí, Wade. N kò lè sọ ọ́ lórí fóònù.

Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń gbá họ́kì orí yìnyín nínú ẹgbẹ́ kékeré yìí. Àmì ẹ̀yẹ ẹni tó mọ ẹ̀yìn ṣọ́ jù lọ, tí mo gbà ní yunifásítì, ṣì wà lórí fìríìjì mi. Lọ́dún yìí wọ́n fi Emmett Theriault, ọmọ ọdún méjìlélógún, ṣe ẹnìkejì mi lẹ́yìn. Ó mọ eré jù mí lọ. Ẹgbẹ́ ńlá tí tiwa ń kó eléré fún ti rán ènìyàn wá wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, a sì mọ̀ pé òun ni wọn yóò mú, kì í ṣe èmi.

O kò gbàgbé òfin wa nígbà tí èmi àti ìwọ jọ ń ṣọ́ ẹ̀yìn ní yunifásítì: bí ẹnìkan bá kẹ́yìn sí pápá láti lọ mú rọ́bà tí à ń gbá lẹ́bàá pátákó tó yí pápá ká, ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò pariwo bí ọ̀tá bá ń bọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Emmett kẹ́yìn. Mo rí ọkùnrin gìrìwò kan tó ń sáré bọ̀ lápá òsì rẹ̀. Mo rí i kedere. Ariwo náà dé ọ̀fun mi, kò jáde. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni àwọn tó wá wò ó, tí wọ́n jókòó lókè. Mo gbọ́ bí àkòtó rẹ̀ ṣe dún mọ́ pátákó.

Egungun méjì ló sán lọ́rùn rẹ̀. Dókítà ní yóò rìn. Kò sọ ti họ́kì.

Lánàá, kóòṣì fi fídíò hàn wá. Ẹ̀yìn mi nìkan ló hàn nínú rẹ̀. Kóòṣì gbá mi léjìká: "Tanner, o pariwo títí, àwọn èrò ló bo ohùn ẹ mọ́lẹ̀. Má dá ara ẹ lẹ́bi." Mo dìde jáde. Mo lọ sọ́síbítù. Ìyá Emmett bu ẹ̀wà fún mi, ó ní ojú mi ti funfun jù. Ọmọ náà, tó máa ń fi ọjọ́ orí mi pè mí ní Bàbá, rẹ́rìn-ín láàárín irin tó yí orí rẹ̀ ká: "Bàbá, ẹ má wò mí bí òkú jàre. Mo gbọ́ yín. Èmi ni mi ò tètè yí."

Ṣé ó gbọ́ ohun tí n kò sọ ni, àbí ó mọ̀, tó ń bò mí láṣìírí? N kò lè jẹ ẹ̀wà náà.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n pè mí. Ẹgbẹ́ ńlá ń fẹ́ mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní ipò Emmett. Ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún láti kékeré rèé. Wọ́n ní ẹni bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn yóò kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, ohùn mi ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé, n kò sì mọ̀ bóyá yóò jáde.

Bá mi kí Màmá àti ìyàwó, fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Jọ̀ọ́, má ka èyí sí wọn létí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Lọ́dún tá a parí, lọ́jọ́ tí wọ́n gbá ọ mọ́ pátákó tí èjìká rẹ yẹ̀, tó fi ku èmi nìkan fún àmì ẹ̀yẹ yẹn: ṣé o gbọ́ ohùn mi? Èmi kò rántí mọ́.

Èmi ni ẹnìkejì rẹ ayé ọjọ́un,
Tanner Maki.