Ọ̀wẹ̀ Orí Bíréèkì Ẹ̀yìn

Ilé wa ní Tafo,
Kumasi.
Ọjọ́bọ̀.

Ìmàn, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

"Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, láti Kumasi títí dé Mẹ́kà, kò tíì sí alùpùpù tí bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ mú tó èyí, kò sì sí ọwọ́ mìíràn tó kàn án ju ọwọ́ ọmọ wa Hàbíbùlláhì lọ." Báyìí ni Àlàájì Sùlèímọ̀n wí ní àgbàlá wa lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, pẹ̀lú agbádá funfun lọ́rùn, bí ẹni tí ń bá ìjọba ṣí afárá tuntun. Mo kọ ọ́ fún ọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ṣòfò.

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Àkrá. Mo gbàgbọ́ pé ara rẹ le, pé àwọn ọmọ iléèwé tí ò ń kọ́ níbẹ̀ kò tíì sọ ọ́ di arúgbó. Àwa níhìn-ín wà ní àlàáfíà. Orúnkún mi ń ké, ìyá rẹ ń ké ju orúnkún lọ, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

O mọ bí bíréèkì ẹ̀yìn alùpùpù mi ṣe rí tẹ́lẹ̀. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́, á tún un tẹ̀, ẹsẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ kó tó rántí pé bíréèkì ni òun. Bó bá wá máa mú, á mú lójijì, táyà á han gooro, àwọn ará ọjà Tafo á yíjú wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ké. Ìyá rẹ ti búra pé òun ò ní gun ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, pé ọkọ̀ èrò trótró ni òun yóò máa wọ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Nígbà tí Àlàájì wá sọ fún mi pé Hàbíbùlláhì, ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn, ń fẹ́ ọ, mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ní Ìlọrin tiwa, ọkùnrin tó ń tọrọ ọmọ a máa ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá ọmọ. Ebè iṣu ni èmi kọ fún bàbá ìyá rẹ. Ẹ̀yìn mi kò tíì gbàgbé. Àlàájì wo àgbàlá yíká, wọn ò rí ju ẹ̀fọ́ tí ìyá rẹ gbìn sínú garawa lọ. Wọ́n ní, "Tísà, oko wo lẹ ní ní Kumasi?" Mo ní n kò ní oko, alùpùpù ni mo ní, bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ ni ebè mi. Bó bá mú, kí wọ́n kó ẹbí wá. Bí kò bá mú, kí wọ́n má wulẹ̀ dáṣọ. Ọwọ́ ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni mo sì fẹ́ kó ṣe é, kì í ṣe ọwọ́ fítà tó ń tún alùpùpù ṣe. Àwa àgbà méjèèjì rẹ́rìn-ín. Hàbíbùlláhì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Aṣọ ni ó ń tà ní ọjà Race Course, aṣọ ni ó mọ̀. Ó ń wo alùpùpù náà bí ọmọ tí a gbé ìdánwò síwájú rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí kò kọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó gùn ún lọ sí ilé Àlàájì ní Fante New Town. Láàárọ̀ Sátidé, ìyá rẹ se wàákè, ìrẹsì òun ẹ̀wà, ó kó o sínú kúlà ńlá, ó da ata ṣító lé e lórí bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín ata. Ó ní òun ń lọ kí ìyàwó Àlàájì tí ara rẹ̀ kò yá. Ara obìnrin kò yá, ata ni wọ́n gbé lọ bá a! Ìwọ náà ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ṣáájú pé o ò lè wálé lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, pé ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ni ò ń máàkì. Mo gbà ọ́ gbọ́. Tísà ni mí, mo mọ ìyà tó wà nínú ìwé máàkì.

Lọ́jọ́ Àìkú ni wọ́n gbé e padà, tí Àlàájì sọ ọ̀rọ̀ ńlá tí mo kọ sókè yẹn. Hàbíbùlláhì dúró lẹ́yìn wọn, ó ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Àlàájì bá ti dé ibi "ọwọ́ ọmọ wa", ọmọ wa á tún bàtà náà wò.

Ọjọ́ Ajé ni mo gùn ún jáde. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Tafo, trótró kan já síwájú mi láti gbé èrò, mo sì tẹ bíréèkì. Ìmàn, alùpùpù náà kúnlẹ̀ bí ràkúnmí! Kò ké, kò yọ̀, kò gbà mí jìgì. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń wúwo sí i ni òun náà ń dúró sí i, títí ó fi dúró pátápátá lẹ́yìn trótró náà. Ọmọkùnrin tó ń gba owó ọkọ̀ yọrí síta, ó ní, "Papa, wo brake no yɛ paa!", pé bíréèkì mi mà dára o. Inú mi dùn. Ibẹ̀ náà ni ìfura ti wọlé.

Ohun tó fa ìfura ni pé ẹsẹ̀ mi kò wá irin bíréèkì náà kó tó rí i. O mọ̀ pé ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kò ká dáadáa láti ìgbà tí mo ti ṣubú. Irin tí a ń tẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ relẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, kò sì gbọdọ̀ relẹ̀ jù. Hàbíbùlláhì kò bi mí léèrè ẹsẹ̀ rí, kò wọ̀n ọ́n, kò tilẹ̀ wò ó. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi ń dúró sí. Òun ló máa ń bá mi yí nọ́ọ̀tì ibẹ̀ nígbà tí mo bá jókòó sórí alùpùpù, tí mo ń pariwo pé, "Díẹ̀ sí i, díẹ̀ sí i, ó tó!" Ẹni náà sì wà ní Àkrá, ó ń máàkì ìwé.

Mo ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo wádìí rẹ̀ bí a ṣe ń wádìí ọmọ tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù. Mo ní, "Kí lo ṣe fún ṣúù inú rẹ̀, àwọn méjì tó ń dá táyà dúró?" Ó ní, "Bàbá, ó ti ń dán bí àwo, kò lè di nǹkan mú. Sanpépà la fi ha á títí dídán yẹn fi lọ." Mo ní, "Irin tó ń yí láti ti ṣúù náà ńkọ́?" Ó ní ó ti dípẹtà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi gírísì sí i. Mo ní, "Gírísì tó báwo?" Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé òun mọ èyí. Ó ní, "Ìwọ̀n tìróò inú ojú ìyàwó, Bàbá. Bó bá pọ̀ jù, á ṣàn bá ṣúù, bíréèkì á máa yọ̀."

Mo gbé ife tíì mi kalẹ̀. Ìwọ̀n tìróò inú ojú ìyàwó! Ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn. N kò kà á nínú ìwé kankan. Nídìí alùpùpù yìí ni mo ti ṣẹ̀dá rẹ̀, n kò sì sọ ọ́ fún ju ènìyàn kan ṣoṣo lọ láyé.

Mo wá bi í ní gbangba pé, "Hàbíbùlláhì, ṣé ìwọ lo tún bíréèkì yìí ṣe?" Ó tún bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ní, "Mepa wo kyɛw, Bàbá," bí àwọn tí wọ́n bí síbí ṣe ń bẹ àgbà, "ọwọ́ mi wà níbẹ̀." Mo ní kí ni ọwọ́ ọ̀hún ń ṣe níbẹ̀? Ó ní, "Ó di sípánà mú." Mo ní ó dì í mú fún ta? Ó ní kí n má bínú, àkókò ìrun Màgàríbì ti tó. Oòrùn ṣì wà lókè gbágá o. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ẹni tó ń lọ kírun dúró?

Mo kọjá sọ́dọ̀ ìyá rẹ. Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Ìmàn, bíréèkì yín ń mú àbí kò mú?" Mo ní ó ń mú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa mú o." Mo ní ọwọ́ ọmọkùnrin náà ni mo ní kó ṣe é. Ìgbà yẹn ló wá wò mí, ó ní, "Ebè tí ẹ kọ fún bàbá mi ńkọ́? Ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ mélòó lẹ jọ wá? Èyí tí èèyàn dá ṣe, ṣé ọ̀wẹ̀ náà nìyẹn?" Òótọ́ ló wí, gbogbo èèyàn ló ń kó ọ̀rẹ́ lọ sí ọ̀wẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ọ rí pé a pe ọmọ tí à ń tọrọ kó wá bá wa kọ ebè bàbá rẹ̀.

Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Bí mo bá pariwo, ohun tí mo ń kéde ni pé ọmọbìnrin kan wà nílé àwọn àna rẹ̀ kí a tó so yìgì, Tafo á sì gbọ́, Race Course á gbọ́. Bí mo bá dákẹ́, mo ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń tàn mí jẹ. Àlàájì purọ́, ìyẹn dájú, ṣùgbọ́n Àlàájì kọ́ ló ń gbéyàwó. Ọmọkùnrin náà kò purọ́. Kò sì sọ òótọ́. Mo ti bá irú wọn ṣiṣẹ́ rí, ọ̀gá iléèwé ni wọ́n máa ń dà. Síbẹ̀, ọkùnrin tó lè di sípánà mú fún obìnrin, tó ń gbọ́ ohun tí obìnrin náà ń wí, tó há a sórí láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, ìwà burúkú rẹ̀ dà? Mo wá a, n kò rí i. Mo ṣì ń wá a.

Nítorí náà, mo ti ránṣẹ́ sí Àlàájì pé kí wọ́n kó ẹbí wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Àdéhùn ni àdéhùn, bíréèkì sì ń mú. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dárúkọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà àti níbi iṣẹ́. Kí ó má jẹ́ kí o tẹ ohun tí kò ní dúró. Kí ó fún ọ ní ẹni tí yóò máa bá ọ di nǹkan mú nígbà tí ọwọ́ rẹ bá kún, tí kò sì ní ju sípánà sílẹ̀ bí iṣẹ́ bá pẹ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń fura sí gbogbo yín, tó sì fẹ́ràn rẹ,
Jùnáídù.

Àfikún: Mo ti bi Hàbíbùlláhì, mo ti bi ìyá rẹ, mo tilẹ̀ pàdé ìyàwó Àlàájì, tí ara rẹ̀ yá ju tèmi lọ, mo bi òun náà. Kálukú wọn ló rántí pé òun gbé nǹkan ka iná. Ìwọ nìkan ló kù. Ọmọ mi, níbo lo wà ní Sátidé yẹn?